Àkàbà àti irin ìdìmú fún mọ́dẹ́ẹ̀lì táńkà 1/24: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Ọ̀ṣọ́dì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Mo ń kan mọ́dẹ́ẹ̀lì táńkà epo lọ́wọ́, ìwọ̀n 1/24, ìyẹn ni pé a pín ìwọ̀n ọkọ̀ gidi sí 24, irú onílítà 33,000 tó máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Àpápá. Orí ọkọ̀ náà, ti Italeri ni, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páálí mọ́dẹ́ẹ̀lì. Àgbá ẹ̀yìn ni mo fi páìpù PVC onínṣì mẹ́ta ṣe fúnra mi, ó sì wù mí lójú. Àkàbà ẹ̀yìn ló kù, èyí tí wọ́n ń gùn dé ibi tí wọ́n ti ń rọ epo sínú àgbá, pẹ̀lú irin ìdìmú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ àti irin gígùn tó wà lókè àgbá. Ìdìmú tó bá páálí wá ti nípọn jù, wọ́n sì dà á mọ́ ara ilẹ̀kùn, kò sí àlàfo kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò rí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àkàbà idẹ kéékèèké nítòsí, owó tí wọ́n sì ń gbà láti fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ju owó ọjà fúnra rẹ̀ lọ. Kí lẹ fi ń ṣe tiyín?

Wẹ́dà Mùṣín:
Àbúrò, kó o tó máa wá wáyà kiri, kọ́kọ́ mọ ohun tó o fẹ́ ṣe. Èmi ò kan mọ́dẹ́ẹ̀lì rí, ọmọ mi ló ń kàn án tí mo fi ń yọjú síbí. Àmọ́ àkàbà táńkà gidi, mo ti jó o kọjá àfẹnusọ. Páìpù ínṣì kan la fi ń ṣe ọ̀pá méjèèjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin rọ́ọ̀dù 16 la fi ń ṣe ìtẹ̀sẹ̀. Láti ìtẹ̀sẹ̀ kan sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà kan ni, ẹ pè é ní mìlímítà 300. Fífẹ̀ àkàbà náà máa ń tó 400, kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè gbà á.

Ohun tí mo máa ń rí lára mọ́dẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ yìí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n á lẹ àkàbà mọ́ àgbá típẹ́típẹ́. Báwo ni ẹsẹ̀ ṣe máa wọlé? Àkàbà gidi ní irin kúkúrú kúkúrú tó tì í kúrò lára àgbá, bíi 150, kí orí bàtà lè wọ ẹ̀yìn ìtẹ̀sẹ̀. Lókè, ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ kì í parí síbi tí ìtẹ̀sẹ̀ parí sí. Ó máa ń yọ kọjá, á wá tẹ̀ wálẹ̀ sórí àgbá, torí ẹni tó bá gun dókè gbọ́dọ̀ rí nǹkan dì mú kó tó gbé ẹsẹ̀ sórí. Páìpù kì í sì í ṣẹ́ ní igun bíi páálí. Ó máa ń tẹ̀ róbótó ni. Bí o bá tẹ wáyà ní igun ṣánṣán, ẹni tó mọ iṣẹ́ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Fọ́ọ̀nù Dókítà:
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n bá wa pín in sí 24. Páìpù ínṣì kan di 1.04. Rọ́ọ̀dù 16 di 0.67. Àlàfo ìtẹ̀sẹ̀ sí ìtẹ̀sẹ̀ di 12.5, fífẹ̀ àkàbà di 16.7, àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ di 6 àti díẹ̀. Mìlímítà ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà ò le rárá. Ṣé ẹ mọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Cat5, tí àwọn tó ń fa íntánẹ́ẹ̀tì sí ọ́fíìsì máa ń gé kúkúrú dànù? Bọ́ ọ. Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 0.5. Cat6 nípọn jù ú lọ díẹ̀, bíi 0.57. Ní 1/24, 0.5 jẹ́ rọ́ọ̀dù 12, ìyẹn dáa fún ìdìmú ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, Cat6 sì lè ṣe ìtẹ̀sẹ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ fi bíléèdì ha á kí ẹ tó gbà á. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò. Ẹ jù ú nù. Lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn irin tí wọ́n ń yọ́ fi lẹ wáyà mọ́ra, kì í mú un dáadáa, ó sì máa ń kán bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Fún ọ̀pá ẹ̀gbẹ́, wáyà iná ilé ni kí ẹ lò, irú èyí tí bàbà kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Ẹ fiyè sí i o: nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára wáyà iná kì í ṣe fífẹ̀ rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n bá gé e ni wọ́n ń wọ̀n. Èyí tí gbogbo wa ń pè ní 1mm, bí ẹ bá fi kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn fífẹ̀, mú un, 1.13 lẹ máa rí. Èyí tí a ń pè ní 1.5 jẹ́ 1.38. Torí náà, wáyà 1mm ló sún mọ́ páìpù ínṣì kan jù. Wáyà rírọ̀ tó ní irun púpọ̀ nínú, 1.5 tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irun 30, ọ̀kọ̀ọ̀kan 0.25. Ẹ tọ́jú ìyẹn fún nǹkan tó bá kéré gan-an.

Bàbà kì í tọ́ bó ṣe ń jáde nínú rọ́bà. Ẹ di orí kan mọ́ fáìsì, ẹ fi pláyà mú orí kejì, kí ẹ fà á ṣinṣin títí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ti yọ̀ǹda díẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀. Ó máa tọ́ gbọnrangandan, ó sì máa le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Sherman35:
Ẹ máa wá wáyà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fún ìdìmú, píìnì sítéépúlà ni mo máa ń lò ní tèmi. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì, tí wọ́n kọ 26/6 sí lára páálí, fẹ̀ ní nǹkan bíi 12 sí 13, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 6. Ẹ fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀: ó sún mọ́ 300. Ìdìmú ilẹ̀kùn ọkọ̀ gidi nìyẹn, ilé iṣẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ fún yín, gbogbo wọn dọ́gba, páálí kan sì ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Igun rẹ̀ ṣán, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Wẹ́dà, ṣùgbọ́n ìdìmú tí wọ́n fi rọ́ọ̀dù ṣe sábà máa ń ṣán bẹ́ẹ̀ náà. Kó má kàn jẹ́ páìpù lẹ fẹ́ ṣe.

Gúlùù ló mú wọn mọ́ ara wọn. Ẹ kó wọn sínú asetóònì, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, wọ́n á tú. Kí omi yẹn má kan mọ́dẹ́ẹ̀lì yín o, ó ń yọ́ ike.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni ihò. Kí ẹ tó lu ihò, ẹ fi orí abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀ kí ó ní ojú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ díríìlì máa sá. Kí ihò méjì náà má bàa jìnnà ju ara wọn lọ lára ilẹ̀kùn kan kí ó sì kéré lára èkejì, ẹ gé irin pẹlẹbẹ lára agolo mílíìkì, ẹ fi píìnì wọ̀n ọ́n, ẹ lu ihò méjì sí i. Pátánì yín nìyẹn. Ẹ máa gbé e lé ilẹ̀kùn, ẹ máa fi abẹ́rẹ́ gún un gba inú ihò rẹ̀. Mo ṣì ń lo èyí tí mo gé fún ọkọ̀ ogun Sherman 1/35 títí dòní.

Ní ti èyí tí wọ́n dà mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ má fi ọ̀bẹ gé e lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi bíléèdì tuntun bó o ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ lẹ téèpù yí i ká kí ọwọ́ má bàa yọ̀ sára ibi tó mọ́. Sáńpépà olómi ló máa parí rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ṣọ́dì:
Ẹ̀gbọ́n Sherman, ẹ ti tú mi sílẹ̀ níbi ìdìmú. Báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kí gbogbo wọn yọ síta bákan náà? Bí mo bá tì í wọ inú ihò, ọ̀kan á wọlé jù, ọ̀kan á yọ jù.

Sherman35:
Káàdì ATM tó ti kú. Gbogbo wọn ni wọ́n ṣe sí 0.76 nínípọn, báǹkì yòówù kó jẹ́. Bí o bá to mẹ́ta léra, ó di 2.28, ní 1/24 ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 55, ọwọ́ tó wọ gúlọ́ọ̀fù máa wọ ibẹ̀. Èmi tó ń kan 1/35, méjì ló tó mi. Gé wọn ní tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó lè wọ abẹ́ píìnì, fi àbẹ́là pa wọ́n lára kí gúlùù má lè mú wọn. Ti píìnì wọlé títí ó fi jókòó lé káàdì, kán gúlùù sí i, dúró, fa káàdì yọ.

Bí o bá lè dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn ni kó o ti lẹ̀ ẹ́. Fi ẹsẹ̀ píìnì sílẹ̀ ní gígùn, kán súpá gúlùù sí i láti inú, kò ní sí gúlùù kankan lójú. Má sì kán an tààrà láti ẹnu ike rẹ̀. Kán an sórí ìdérí ìgò, fi orí abẹ́rẹ́ bu ú díẹ̀.

Títí Bọ́lẹ̀kájà:
Kí ó tó gbẹ́sẹ̀ níbẹ̀: kí ó ṣe gbogbo ìyẹn kí ó tó fi dígí fèrèsé sí i. Èéfín súpá gúlùù máa ń sọ dígí di funfun, kò sì sí ohun tó ń pa á rẹ́ pátápátá.

Bàbá Rélùwéè:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ. London ni mo wà, rélùwéè 1/76 ni mo ń kàn, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní OO. Ọkọ̀ rélùwéè kún fún irin ìdìmú ju táńkà lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti àkàbà, torí mo rí i pé ẹ ti fẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Pátánì ni iṣẹ́. Ẹ wá bóòtì méjì tó ń gba sípánà 13, èyí tí ìwé ń pè ní M8, kí ó gùn tó àkàbà yín. Láti orí tírẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì lára rẹ̀ jẹ́ 1.25. Ẹ ka mẹ́wàá: 12.5. Ṣé ẹ rántí nọ́ńbà yẹn? Àlàfo ìtẹ̀sẹ̀ ní 1/24 ni gẹ́lẹ́. Ẹ gé orí bóòtì kúrò, ẹ lẹ méjèèjì mọ́ra pátákó pẹlẹbẹ kan, kí wọ́n tò ní gbọọrọ láìdagun, kí àlàfo àárín wọn ju fífẹ̀ àkàbà lọ díẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á wà láàárín bóòtì, wọ́n á jókòó lórí páálí kí wọ́n ga tó. Ìtẹ̀sẹ̀, ẹ gé e gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kí orí rẹ̀ méjèèjì jókòó sínú tírẹ́ẹ̀dì. Ẹ ka mẹ́wàá, ẹ gbé èyí tó kàn lé e. Ẹ ò ní lo rúlà rárá. Ní 1/35, ẹ ka méje, ó ń fúnni ní 8.75, ìyẹn 306 lára ọkọ̀ gidi. Mẹ́fà yẹn ò lè pa ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó gbé ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ síbẹ̀, ẹ dì wọ́n pọ̀ mọ́ fáìsì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ fi igun fáìlì onígun mẹ́ta ha ojú ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sára àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò gbọ́dọ̀ jìn, kí ìtẹ̀sẹ̀ sáà ti rí ibi rì sí ni. Bí ẹ bá tẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ lé ọ̀pá lásán, láti ẹ̀gbẹ́ ẹ máa rí i pé ńṣe ni wọ́n gùn ún lẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀dì náà á sì dì í mú ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ẹ ti ha.

Nísinsìnyí, ìjólẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi sáńpépà nu gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ fi bíróọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ kì í lò mọ́, àbí igi tẹ́ẹ́rẹ́, pa ọ̀rá ìjólẹ́ẹ̀dì, èyí tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì mú, sí i. Ẹ ti gé lẹ́ẹ̀dì wẹ́wẹ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìtẹ̀sẹ̀ òkè pátápátá àti ti ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ jó. Ẹ wá fi rúlà wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá dọ́gba, àkàbà yín ò wọ́. Bí wọn ò bá dọ́gba, ẹ tún un ṣe nísinsìnyí, torí bí ẹ bá ti jó ti àárín tán, ó bùṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fò: ẹ jó èyí tó wà lókè, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ padà sáàárín. Lẹ́ẹ̀dì tó wọ́pọ̀ ń yọ́ ní nǹkan bíi 183 sí 190 sẹ́ńtígíréèdì. Bí ẹ bá ń tẹ̀ lé ara wọn, iná èyí tí ẹ ń jó máa yọ èyí tí ẹ ti jó tán. Òwú tútù lórí ojú ibi tó ti mú máa ń gbà á lọ́wọ́ iná.

Ẹ gé orí tó yọ kúrò nígbẹ̀yìn, kí ẹ fi fáìlì dán an. Kí ẹ wọ awò nígbà tí ẹ bá ń gé wáyà, pàápàá bí ẹ bá ń lo okùn gìtá. Òjé wà nínú lẹ́ẹ̀dì yìí, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Ọmọ Ọ̀ṣọ́dì:
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Èmi ò ní áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì, mi ò sì mọ̀ ọ́n lò. Ṣé súpá gúlùù ò lè ṣe é?

Fọ́ọ̀nù Dókítà:
Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ó ti já. Súpá gúlùù kì í fẹ́ kí wọ́n gbá a. Bí o bá ti ha ojú ibẹ̀ bí Bàbá ṣe sọ, aradáìtì, gúlùù onítúùbù méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, máa mú un dáadáa, dúró di ọjọ́ kejì kó o tó fọwọ́ kàn án. Tàbí kó o kó gbogbo pátánì rẹ lọ bá ọmọ iṣẹ́ fóònù tó bá sún mọ́ ẹ. Áyọ́ọ̀nù wọn ní orí tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ wọn ò sì gbọ̀n. Bí o bá wá sí Computer Village ní Ìkẹjà, kò sí òpópónà kan tó ò ti ní rí ẹni tó máa jó o fún ẹ kó o tó mu omi tán.

Títí Bọ́lẹ̀kájà:
Ẹ̀yin onírin, ẹ rọra. Kì í ṣe gbogbo àkàbà ló nílò iná. Èmi máa ń kan bọ́lẹ̀kájà, ara igi lórí ẹsẹ̀ Bedford, igi ni àkàbà tí mo máa ń ṣe fún un. Ọwọ̀ ni mo máa ń fà yọ nínú ìgbálẹ̀. Ọwọ̀ nípọn nídìí, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lórí, nítorí náà ẹ gé bíi ṣẹ́ńtímítà méjì láti ibì kan náà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má gbìyànjú láti lo gbogbo gígùn rẹ̀. Ẹ kán súpá gúlùù sí i lára, á mu ún, á le koko, ẹ á lè fi sáńpépà dán an bí irin.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ike, igi tí wọ́n fi so ẹ̀yà mọ́ra nínú páálí mọ́dẹ́ẹ̀lì ni kó lò. Kó mú un sókè iná àbẹ́là, kì í ṣe sínú iná, kó máa yí i. Bó bá ti ń dán tó sì ń rọ̀, kó gbé e kúrò, kó dúró díẹ̀, kó fà á. Kó fà á kíákíá bó bá fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kó fà á jẹ́jẹ́ bó bá fẹ́ kó nípọn. Kó máa dì í mú ní nínà títí á fi tutù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ká. Gúlùù ike ń yọ́ ike ni, bí ó bá pọ̀ lórí ìtẹ̀sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìtẹ̀sẹ̀ á tẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ fi bíróọ̀ṣì kékeré tọ́ ọ sí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé nìkan.

Sherman35:
Àǹtí Títí, ike tí a fà kò dáa fún ìdìmú. Ẹ gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan, ó ti kán.

Títí Bọ́lẹ̀kájà:
Ta ló sọ pé ìdìmú? Àkàbà ni mo sọ. Àkàbà ẹ̀yìn, ta ló ń fi ọwọ́ gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì níbẹ̀?

Sherman35:
Ọmọ mi.

Wẹ́dà Mùṣín:
😂 Ọ̀rọ̀ parí.

Títí Bọ́lẹ̀kájà:
Ó dáa, mo gbà fún ẹ lórí ìyẹn. Ohun kan tí mo fẹ́ kí àbúrò gbọ́ ju nọ́ńbà lọ: kí ó má jẹ́ kí kálípà yà á ní wèrè. Bóyá ìtẹ̀sẹ̀ jẹ́ 0.57 tàbí 0.67, ẹni tó dúró síwájú tábìlì ò lè mọ̀. Ìtẹ̀sẹ̀ kan tó sún mọ́ ìkejì rẹ̀ jù, tàbí ìdìmú kan tó dagun díẹ̀ lára ilẹ̀kùn ọ̀tún, ibẹ̀ ni ojú máa kọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí pátánì bóòtì Bàbá fi dùn mọ́ mi ju wáyà èyíkéyìí lọ. Bí kò bá sì dá a lójú láàárín wáyà méjì, kí ó mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ àti ọ̀dà òkè máa fi kún un, tẹ́ẹ́rẹ́ á sì di nípọn kó tó mọ̀.

Bàbá Rélùwéè:
Títí, o sọ ọ́ dáadáa. Nípa irin gígùn orí àgbá tí ọmọ yìí bèèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn. Irin yẹn kì í kàn lẹ̀ mọ́ àgbá, òpó kéékèèké ló ń gbé e, irin sì ń gba inú ojú òpó kọjá. Níbí wọ́n ń ta òpó yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti gbẹ́ ẹ láti ara idẹ. Ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe é. Ẹ mú irun kan lára wáyà rírọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ yí ẹnu díríìlì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi irin tó máa gbà á kọjá ká, ẹ fi pláyà mú orí wáyà náà méjèèjì, kí ẹ lọ́ ọ pọ̀. Ẹ fa díríìlì yọ, ojú róbótó kékeré á ṣẹ́kù pẹ̀lú ìrù tó lọ́ pọ̀. Ìrù yẹn lẹ máa tì sínú ihò. Ẹ ṣe wọ́n pọ̀ ju iye tí ẹ nílò lọ, kí ẹ lè ṣa àwọn tó jọra.

Ẹ ti gbogbo òpó bọ ihò láìlẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fa irin gba inú gbogbo wọn, ẹ dúró sídìí àgbá kí ẹ fi ojú kan wò ó láti ìparí dé ìparí, kí ẹ gbé èyí tó rì sókè, kí ẹ ti èyí tó yọ wọlé. Nígbà tó bá ti tọ́ lójú yín ni kí ẹ wá kán gúlùù. Bí ẹ bá kọ́kọ́ lẹ òpó, irin máa rìn wọ̀ǹgẹ̀wọ̀ǹgẹ̀.

Èmi a máa lo okùn gìtá fún irin yìí ní 1/76. Okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lára gìtá oníná sábà máa ń jẹ́ 0.23 tàbí 0.25, ti gìtá onígi 0.30. Kì í tẹ̀ bí bàbà, bí ọwọ́ bá gbá a, ó máa padà sí ipò rẹ̀. Ní 1/24, Cat5 tí ẹ ti fà tọ́ ti tó. Okùn gìtá máa ń ba ẹnu pláyà ìgéwáyà jẹ́, ẹ wá ògbólógbòó kan fún un.

Ọmọ Ọ̀ṣọ́dì:
Ó ku ìbéèrè mẹ́ta, ẹ má bínú. Báwo ni mo ṣe máa tẹ orí ọ̀pá méjèèjì kí wọ́n bára mu? Kí ni mo lè fi ṣe ọ̀nà ìrìn oníhò tó wà lórí àgbá? Àti pé ṣé kí n kun àkàbà kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni tàbí lẹ́yìn?

Wẹ́dà Mùṣín:
Ti àkọ́kọ́: bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù náà ni. A ò kì í tẹ páìpù kan kí a tó tẹ èkejì. Di méjèèjì pọ̀, fi téèpù wé wọn, tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yí nǹkan róbótó. Bíró á tó ẹ. Tẹ̀ wọ́n kó o tó jó ìtẹ̀sẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn.

Fọ́ọ̀nù Dókítà:
Ọ̀nà ìrìn: nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tí wọ́n fi ń dènà ẹ̀fọn, onírin, kì í ṣe onírọ́bà. Àwọn kápẹ́ńtà máa ń gé etí rẹ̀ dànù. Ojú rẹ̀ kéré díẹ̀ ju ti gidi lọ ní 1/24, àmọ́ bí o bá kun ún, ó máa tàn ọ́ jẹ. Fi wáyà Cat5 ṣe etí rẹ̀ yí ká kí ẹnu gígé má bàa hàn.

Títí Bọ́lẹ̀kájà:
Kun ún lọ́tọ̀. Bí àkàbà bá ti wà lára àgbá, ọ̀dà ò ní dé ẹ̀yìn rẹ̀ láéláé. Kó o tó kun ún, fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọ̀rá ìjólẹ́ẹ̀dì àti ọ̀rá ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, fi omi ṣan án, jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ti irin, ti àwọn akunmọ́tò, ni kó kọ́kọ́ lọ, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Má fò ó. Bàbà àti idẹ kì í mú ọ̀dà lásán. Níbi tí àwọn tó ń gbá a bá ti bó o, á máa dán bíi wúrà lójú gbogbo èèyàn, táńkà wo lẹ ti rí tó ní àkàbà wúrà ní Àpápá?

Ibi tí àkàbà ti máa kan àgbá, ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò lára méjèèjì kó o tó lẹ̀ ẹ́. Bí o bá lẹ ọ̀dà mọ́ ọ̀dà, ọ̀dà ló máa bó. Lu ihò kékeré sí àgbá kí ẹsẹ̀ irin kúkúrú yẹn lè wọlé, PVC rọrùn láti lu.

Ọmọ Ọ̀ṣọ́dì:
Kí Ọlọ́run bù kún gbogbo yín. Bóòtì 13 wà nínú àpótí bàbá mi, mo ti rí wọn. Díríìlì 0.5 ni mi ò mọ ibi tí mo ti máa rà á. Èyí tó kéré jù lọ́wọ́ oníirin àdúgbò wa, 1.5 ni.

Fọ́ọ̀nù Dókítà:
Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ fóònù àti rédíò, kì í ṣe lọ́dọ̀ oníirin. Sọ fún wọn pé díríìlì bọ́ọ̀dù lo fẹ́, wọ́n máa ń wà nínú ike kékeré ní oríṣiríṣi láti 0.3 lọ sókè. Ìdí gbogbo wọn ló nípọn bákan náà, nítorí náà irinṣẹ́ ìdídíríìlìmú kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń fi ìka yí, ló máa gba gbogbo wọn. Wọ́n mú gan-an, ṣùgbọ́n wọn kì í tẹ̀: bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ó ti kán sínú ihò. Fi ìka yí i, má fi mọ́tò yí i, kó o sì ra ju ẹyọ kan lọ nínú 0.5. Bó bá kán sínú ilẹ̀kùn, tì í wọ inú láti iwájú, má gbìyànjú láti fà á jáde.